Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ọkọ tàbí aya wa wò nítorí jẹjẹrẹ

Dókítà rí kókó lọ́mú Ìyá Sùlé, ó ní kí wọ́n mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ fi ṣàyẹ̀wò. Kò tíì sẹ́ni tó pè é ní jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ kílẹ̀ tó ṣú, ẹbí ti gbọ́ láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán. Ẹnìkan ń sunkún lórí fóònù, ẹnìkan ti di àgbo ránṣẹ́ sí gáréèjì. Bàbá Sùlé ló sọ fún wọn. Ó ní àdúrà lòun ń wá.

Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló ni ọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tó fẹ́ kó gbọ́. Bó bá ní ìyá òun nìkan, ìyá rẹ̀ nìkan náà ni. Ẹni tó fẹ́ ṣàdúrà fún un lè ṣe é láìmọ orúkọ àìsàn, Ọlọ́run ṣáà mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á tún sọ pé, "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án o, yóò tàn ká ni." Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ọsibítù àfìgbà tí jẹjẹrẹ bá ti tàn tán, bí wọ́n bá kú, ọ̀bẹ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹran yìí tan jẹjẹrẹ ká. Ẹ lè lọ sọ́dọ̀ Alfa tàbí pásítọ̀, ẹ lè gba hàǹtú, ṣùgbọ́n ẹ má sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú nítorí rẹ̀. Bó bá ń lo àgbo tàbí aspirin, kí dókítà gbọ́ ṣáájú, torí aspirin máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn egbòogi kan.

Ibi tí a kì í fiyè sí ni ìgò ẹran yẹn. Lọ́pọ̀ ọsibítù wa, ará ilé aláìsàn ni wọ́n máa ń kó o fún pé kó gbé e lọ sí láàbù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bu omi sí i, ẹ má sì gbé e sínú fíríìsà. Formalin, ìyẹn omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bà jẹ́, ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kó bo ẹran náà dáadáa. Ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Ẹ má ṣí i wò, ó ń ta ojú. Ẹ wò ó bóyá orúkọ wà lára ìgò fúnra rẹ̀, nítorí ìdérí lè pààrọ̀. Bó bá jẹ́ Ọ̀fà lẹ ti ń gbé e bọ̀ n'Ílọrin, ẹ má yà síbi ìnáwó kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀: wọ́n á rẹ ẹran náà, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kun ún láró, kí dókítà tó wò ó. Ẹ ní kí wọ́n tọ́jú èyí tí wọ́n fi ìda bò. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ọmú, ara rẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣàyẹ̀wò ER, PR àti HER2, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tó ń jẹ́ kí dókítà mọ irú ìtọ́jú tó yẹ, kò ní sí pé wọ́n tún ń gé e.

Nínú yàrá dókítà ńkọ́? "Madam, ìgbà wo lẹ kíyè sí i?" Ọkọ á ti dáhùn: "Kò ju oṣù méjì lọ, dókítà." Ìyàwó mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú Iléyá, ó kàn fi pamọ́ fún un ni. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì yọ̀ǹda fún un kó dá rí dókítà díẹ̀.

Fún ẹ̀yin ìyàwó tí ọkọ yín ń lọ ṣe PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀: ẹ jọ sinmi ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ má sì sunkún bó bá ga. Kòkòrò àrùn tàbí prostate tó kàn wú lásán lè gbé e sókè. Ẹni tó ń lọ ya mammogram, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú, kò gbọ́dọ̀ kun páúdà sí abíyá.

Lọ́jọ́ èsì, ẹ má já àpòòwé nínú kẹ̀kẹ́ kí ẹ máa pe aládùúgbò tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pé kó bá yín túmọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ gbé e lọ bá dókítà tó béèrè fún un. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n tún máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà síbi tí ẹ ti lè rí i.