Bí ẹ ṣe lè lé òórùn kúrò nínú ilé láì fín fíríṣínà

Ẹni tó bá ń gbé Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé òórùn ẹja ò jìnnà sí wa. Ọjà Olúwo ni màámi ti ń ta ẹja, tí wọ́n bá ti dé nírọ̀lẹ́ báyìí òórùn á ti gba pálọ̀ kan, èmi náà á sì gbé ike fíríṣínà, màá fín in yíká títí tí ilé á fi máa ta sánsán. Ó pẹ́ kí n tó kíyè sí i pé tí mo bá ti fín in, kì í pẹ́ tí àyà ọmọ mi kejì á ti máa dún bíi fèrè, á wá wúkọ́ mọ́jú. Ikọ́ fée ló ní. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ló bi mí pé kí lẹ ń fín nílé, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé òórùn dídùn ò lé òórùn burúkú lọ rárá, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, àwa wá ń fa méjèèjì símú. Ohun tí mo ń ṣe látìgbà yẹn nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo nǹkan olóòórùn inú ilé sójú kan. Fíríṣínà, àbẹ́là olóòórùn, tùràrí, ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tí wọ́n ń há sínú tọ́lẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ ka ẹ̀yìn wọn. Tí ẹ bá rí "fragrance" tàbí "parfum", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè dúró fún ọ̀pọ̀ kẹ́míkà tí wọn ò dárúkọ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán ọsàn tó wà lára ike tàn yín o, limonene ló ń fún un ní òórùn ọsàn yẹn, tó bá sì pàdé ozone, gáàsì kan tó máa ń wà nínú afẹ́fẹ́, ó lè di formaldehyde, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì.

Lẹ́yìn ìyẹn, káńfọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mí níbí, torí òun ló ń dùn mí jù. Káńfọ̀ funfun roboto tí a ń jù sínú àpótí aṣọ àti tọ́lẹ́ẹ̀tì, tí àwọn míì tiẹ̀ ń jù sígun ilé nítorí aáyán, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ naphthalene ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó máa ń kéré sí i títí a ó fi wá a tì, kò sì lọ síbì kankan, inú aṣọ àti inú imú wa ló wọ̀. Yúróòpù ti fòfin dè é láti 2008. Nílẹ̀ wa níbí, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni kò ní G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, a ò sì lè fojú lásán mọ ọmọ tí kò ní in tó. Tí wọ́n bá fi aṣọ tí wọ́n kó káńfọ̀ sí wé irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹni fi àtalẹ̀ pupa kùn ún, jọ́ńdíìsì yẹn sì lè dé ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí kó pa á.

Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ìyá ọkọ mi ṣí àpótí wọn, wọ́n mú aṣọ òfì tí wọ́n fi gbé ọkọ mi lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ jáde. Káńfọ̀ mẹ́ta ló jábọ́ nínú ìṣẹ́po rẹ̀, ọ̀kan ti jẹ tín-ín-rín bíi hóró oògùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun Mọ́mì, a máa tẹ́ ẹ sórí àga fún fọ́tò ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ kó má kan ọmọ lára. Wọ́n fajú ro. Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn fún wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ da káńfọ̀ náà nù. Tí ẹ bá fẹ́ kó aṣọ pamọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ dì í sínú náílọ̀n tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, ó tó. Aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé, kódà tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ má fi wọ ọmọ tuntun. Ráàbù olóòórùn líle náà, ẹ má fi pa á lára.

Ó wá ku òórùn fúnra rẹ̀. Ibi tó ti ń wá ni kí ẹ wá lọ. Nílé wa, aṣọ ọjà màámi ò wọ pálọ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń bọ́ ọ, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́sìnnì ẹja, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń ha á, a ó wá dojú ẹ̀ dé sí oòrùn. Fèrèsé méjì tó dojú kọra wọn, ẹ ṣí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sà gba inú ilé kọjá. Ẹ lè da èédú sínú abọ́ àtijọ́ kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó máa ń fa òórùn mọ́ra. Ọṣẹ ìfọṣọ tí kò lóòórùn ni kí ẹ lò tí ẹ bá rí i, tí ẹ ò bá rí i, ẹ ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀mejì.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì: ẹ má po hypo mọ́ ohun ìfọ tọ́lẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì láé, gáàsì olóró ló ń gbé jáde. Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà, èéfín ni, nẹ́ẹ̀tì sàn jù.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ọmọ wúkọ́ sílẹ̀ àti ohun tí ẹ lò lọ́jọ́ náà. Tí àyà bá ṣì ń dún, tàbí ojú ọmọ tuntun pọ́n, ilé ìwòsàn ni o, ẹ má gbé e sóòrùn láàárọ̀ kẹ́ ẹ máa retí pé á lọ. Tí ọmọ bá sì gbé káńfọ̀ mì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ọ̀rá máa ń jẹ́ kó tètè wọ ara, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú náílọ̀n rẹ̀ dání, torí dókítà máa fẹ́ mọ irú èyí tó jẹ.