Bí mo ṣe ń fi sátẹ́láìtì ṣọ́ ewé igbó Gambari

Copernicus Browser, ìkànnì tí a ti ń wo àwòrán sátẹ́láìtì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá igbó Gambari nítòsí Ìbàdàn lórí rẹ̀, kí ẹ mú àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2. Ewé tó yè a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, a sì ta infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí, padà. Nítorí náà, ẹ yọ B4 (iye ìmọ́lẹ̀ pupa) kúrò nínú B8 (iye infrared), kí ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in; bí èsì náà bá ṣe ga tó ni ewé tó yè ṣe pọ̀ tó. Ẹ ṣe é láti oṣù Ọ̀wàrà dé Èbìbí.

Igi tíìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ó máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fo ọjọ́ tí àwọsánmà bá ṣú. Ọyẹ́ ti tàn mí jẹ rí: mo ní igbó ti gbẹ, àṣé eruku lásán ni!

Àmọ́ àwọ̀ ewé yàtọ̀ sí oúnjẹ tó ń fi oòrùn sè o. Ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tí ewé ń tan nídìí ààrò ni TROPOMI, ẹ̀rọ kan lórí sátẹ́láìtì mìíràn, ń kà.