Ìwé lẹ ò wò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí dídá startup sílẹ̀ àti kíkówó sí i

Bí wọ́n bá dárúkọ Iyinoluwa Aboyeji, Flutterwave, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lára àwọn tó dá sílẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Ẹni tó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ á rántí Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ kóòdù wáṣẹ́, tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2014, ọdún méjì ṣáájú Flutterwave. Ní 2018 ó kúrò ní Flutterwave, ó sì wá ń tipasẹ̀ Future Africa kówó sí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì. Ta ló ń sọ̀rọ̀ Bookneto, tó dá sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì ní Kánádà? Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń dá startup, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ tètè dàgbà, sílẹ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n rí dọ́là, wọn ò rí ìwé tí àwọn èèyàn tọwọ́ bọ̀ kí dọ́là tó dé.

Èyí tó ń dunni jù ni ti ọ̀rẹ́ méjì. Wọ́n jọ ronú kan áàpù ní Yaba, wọ́n pín ilé-iṣẹ́ ní ọgbọọgba lórí WhatsApp, wọ́n lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, físà ọ̀kan jáde, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó kù ló ń bá kọ́sítọ́mà fà á, òun ló ń tún kóòdù ṣe lóru, síbẹ̀ ìdajì ilé-iṣẹ́ ṣì wà lórúkọ ẹni tó wà ní Toronto. Olùdókòwò tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ á kàn ní "a máa pè yín" ni. Ẹ má pín ilé-iṣẹ́ láìfi àkókò sí i, kí kálukú máa rí ìpín rẹ̀ gbà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ló wọ́pọ̀: ẹni tí kò bá lo ọdún kan pé kò ní mú nǹkan kan lọ, ẹni tó bá lọ lẹ́yìn ọdún méjì á mú ìdajì ìpín rẹ̀. "Ọmọ ìyá mi ni, a ò nílò ìwé." Ẹ jọ̀ọ́, tìtorí pé ọmọ ìyá yín ni ẹ ṣe nílò rẹ̀.

Ẹ má sì ka iye tí wọ́n bù lé ilé-iṣẹ́ sí owó ọwọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Flutterwave gba mílíọ̀nù 250 dọ́là, wọ́n sì ní ilé-iṣẹ́ náà ti lé ní bílíọ̀nù 3 dọ́là. Mílíọ̀nù 250 ni owó; ìṣirò orí ìwé ni bílíọ̀nù 3.

Náírà ńkọ́? Kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa mílíọ̀nù 100 náírà lọ́dún lè fọ́nnu pé òun ń pa 217,000 dọ́là. Nígbà tí dọ́là di 1,500, mílíọ̀nù 100 kan náà ò ju 67,000 lọ mọ́, owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń gbórí ẹ̀ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fi dọ́là san ò sì dín kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ náírà lẹ ń gbà, ẹ má fi dọ́là ṣèlérí.

Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kówó sílẹ̀. Èyí kì í ṣe èésú, kò sí oṣù tó máa kàn yín. Àwọn kan á fún ọmọ ọlọ́mọ ní mílíọ̀nù 5 náírà, wọ́n á gba ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á tún máa béèrè èlé lóṣooṣù. Olówó ńlá tó bá dé lẹ́yìn wọn ò ní fọwọ́ kàn án, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tún gbowó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì fún wọn ní ìpín, ohun tó máa kù fún ọmọ náà ò ní tó nǹkan tó máa tìtorí ẹ̀ pàdánù oorun. Ẹ má sì kó gbogbo owó sójú kan. Ọ̀pọ̀ startup ló ń kú, ìkéde ìjọba kan sì lè pa á lára, bí ìfòfindè ọ̀kadà l'Ékòó ní oṣù Kejì ọdún 2020 ṣe ká Gokada àti ORide, tí wọ́n ń fi áàpù gbé èrò lórí ọ̀kadà, mọ́. Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, 2015 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 2020 ni Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ńlá kan l'Amẹ́ríkà, tó rà á. Ìyẹn yá o.

Kí ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ béèrè ilé-iṣẹ́ tí orúkọ yín máa wà nínú ìwé rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ startup Nàìjíríà ló ní ìyá ilé-iṣẹ́ ní Delaware, l'Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní CAC kàn jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá yẹn ni wọ́n sábà máa ń tà. Bó bá jẹ́ ìpín inú ọmọ lẹ rà, wọ́n lè ta ìyá kí kọ́bọ̀ má kàn yín.