Bí a ṣe lè wá àléébù iná àtẹ̀gùn tí súìṣì méjì tàbí mẹ́ta ń darí

Iná àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ń ní súìṣì kan nísàlẹ̀ àti òmíràn lókè, kí ẹni tó ń gòkè lọ sùn má baà tún sọ̀kalẹ̀ wá pa á. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, gílóòbù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ gílóòbù tó ń tàn nígbà mìíràn kì í sábà jẹ̀bi.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ tẹ súìṣì méjèèjì sí ipò 4 tó ṣeé ṣe, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Bí wáyà bá wà bó ṣe yẹ, iná á tàn ní ipò 2, á sì kú ní 2 yòókù. Bó bá jẹ́ ipò 1 péré ló ti ń tàn, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wáyà méjì tó so àwọn súìṣì náà pọ̀ ti já tàbí ti dẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wáyà tó yẹ kó wà lójú COM (ojú àjùmọ̀lò súìṣì) ni wọ́n gbé sójú L1 tàbí L2, ojú méjì tó yẹ kí wáyà ìsopọ̀ wọ̀. Àmì kan náà ni méjèèjì ń fi hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Nílé tèmi, akunlé ló tú súìṣì kó lè ráyè kun ògiri. Nígbà tí mo ṣí i, pupa ni wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti dá wọn padà bó ṣe wù ú.

Ẹ pa ẹ̀ka iná náà ní bọ́ọ̀dù kí ẹ tó ṣí súìṣì. Pé NEPA mú iná lọ kò tó rárá, nítorí ínfátà lè máa gbé iná wá síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán tẹ́sítà yín wò lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní iná, kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ yọ gílóòbù, ẹ tú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì so méjì pọ̀ nísàlẹ̀. Bí mítà, tí ẹ ti gbé sí ipò tó ń dún bí wáyà bá so pọ̀, bá dún láàárín méjì lókè, àwọn ni wáyà ìsopọ̀. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ni ti COM. Bí kò bá dún, ẹ so méjì mìíràn. Bí ẹ bá dán gbogbo rẹ̀ wò tí kò dún, ọ̀kan ti já nínú páìpù. Àmì tí wọ́n kọ sẹ́yìn súìṣì ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ibi tí COM wà yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Bí súìṣì kẹta bá wà láàárín, ojú mẹ́rin ló máa ń ní. Bó bá wà ní ipò kan tí iná kò tàn rárá, tí àwọn méjì yòókù sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ipò kejì, wọ́n ti da wáyà tó ń wọlé pọ̀ mọ́ èyí tó ń jáde.

Gílóòbù LED tó ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí a ti pa á kì í ṣe àléébù ìsopọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: wáyà tó ní iná ló ń ran èkejì rẹ̀ díẹ̀ nínú páìpù. Ohun kan náà ló ń mú kí tẹ́sítà kékeré parọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé láìn (wáyà tó ń gbé iná wá) àti níyútírà (èyí tó ń dá a padà) jọ wọ inú súìṣì kan náà láti bá gílóòbù ṣiṣẹ́, ẹ dé e padà kí ẹ pe rìwáyà, nítorí iná lè ṣì wà lẹ́nu họ́dà bí gílóòbù tilẹ̀ ti kú.