Títọ́ Ọmọ Ata àti Igi Ewúro Nínú Ilé Ní Èkó: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Onílé àti Ayálégbé

Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Mushin tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè má ní ilẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó lè tọ́ ọmọ ata, tòmátì, ewúro àti ẹfinrin nínú ilé títí wọn yóò fi tó kó lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, báàgì tàbí ẹ̀yìnkùlé. Ooru Èkó ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n ooru 25 sí 30 ni irúgbìn ata fẹ́ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni yàrá wa sì sábà máa ń wà. Omi tó pọ̀ jù àti ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ fọkàn sí méjèèjì ju ohun mìíràn lọ.

Irúgbìn

Ata rodo tó pọ́n dẹ́dẹ́, tí kò rà, tí kò sì wọ fíríìjì rí ni kí ẹ mú. Èyí tí wọ́n ń kó wá sí Mile 12 dára tó. Ẹ là á, ẹ fi ṣíbí ha hóró rẹ̀ sórí ìwé, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Ẹ sá a fún ọjọ́ 5 sí 7 níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò dé tààrà. Ti tòmátì yàtọ̀: ẹ fún hóró pọ̀ mọ́ omi ara rẹ̀ sínú ife, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 kó kan díẹ̀, kí awọ yíyọ̀ tó bo hóró lè bọ́, kí ẹ wá ṣan án kí ẹ tó sá a. Bí ẹ bá ra irúgbìn tí wọ́n kọ F1 (ìyẹn àmúlùmálà irú méjì) sí lára, ẹ má ṣe tọ́jú hóró èso rẹ̀ pamọ́ fún gbígbìn. Kì í bí irú ara rẹ̀.

Ọ̀rinrin Èkó a máa pa irúgbìn tí a kàn wé sínú ìwé. Ẹ kó o sínú agolo tó lómọrí dáadáa, kí ẹ ju èédú gbígbẹ kan tàbí méjì sí i. Bó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ dán an wò: ẹ to hóró 10 sórí tísù tútù, ẹ kó o sínú ọ̀rá. Bí 7 bá hù, ó dára. Bí kò bá pé 5, ìlọ́po méjì ni kí ẹ gbìn.

Ilẹ̀ àti ohun èlò

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ ti mu tán ti tó. Ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, ẹ fi ìṣó lu ihò 4 sí ìdí rẹ̀. Agolo ilẹ̀dú 2, agolo yanrìn 1, agolo ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá 1 ni kí ẹ pò pọ̀. Bí ìgbẹ́ náà bá ṣì ń ta ní imú, kò tíì jẹrà, yóò sì jó gbòǹgbò. Yanrìn tí wọ́n wà nínú ọ̀sà ní iyọ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó lò ó. Ìyẹ̀ pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó kò wọ́n, àmọ́ èyí tó ṣì tútù a máa fa oúnjẹ inú ilẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ewé ọmọ ata á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. A kò gbà yín níyànjú láti lò ó fún irúgbìn.

Ẹ fi omi rin ilẹ̀ yìí díẹ̀, ẹ dà á sínú ìkòkò àlòkù, ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí èéfín omi bá ti ń yọ, ẹ ka ìṣẹ́jú 30. Ẹ jẹ́ kó tutù mọ́jú.

Gbígbìn àti omi

Hóró 2 nínú ọ̀rá kan, kó má jìn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ má da omi sórí rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rá náà sínú abọ́ tí omi inú rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 2; láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ojú ilẹ̀ yóò ti rin. Ẹ gbé e jáde, kó ro dáadáa. Ẹ da ọ̀rá mìíràn bò ó títí yóò fi hù, kí ẹ sì ṣí i lọ́jọ́ tó bá yọjú. Tòmátì a máa hù láàárín ọjọ́ 5 sí 8. Ata, ọjọ́ 7 sí 14, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 3 nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Láti mọ ìgbà tí ẹ ó tún fún un lómi, ẹ gbé ọ̀rá náà lọ́wọ́. Bó bá ṣì wúwo, ẹ fi sílẹ̀. Bí méjèèjì bá hù, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó rẹlẹ̀. Ẹ má fà á tu, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra.

Àrùn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀. Ọmọ tòmátì dúró ṣánṣán lálẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ti sùn gbalaja, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí igi rẹ̀ ti pàdé ilẹ̀: ó ti tín-ín-rín bí òwú, ó dúdú díẹ̀, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Kòkòrò kọ́ ló jẹ ẹ́. Èbu tí ojú kò rí, tó fẹ́ràn ilẹ̀ tó rin gbindin àti afẹ́fẹ́ tó há, ló jẹ ẹ́ ní ìdí. Èyí tó ti ṣubú kò ní oògùn. Ẹ kó òun àti ilẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ yọwọ́ omi lára ìyókù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ tò wọ́n jìnnà síra, ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ìmọ́lẹ̀

Fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì kò tó. Ọmọ ata tí ìmọ́lẹ̀ kò tó a máa ga gbọọrọ, a máa funfun, a sì máa tẹ̀ sí ibi kan. Bákónì tí oòrùn àárọ̀ ń kan ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ so gílóòbù LED funfun wáàtì 15 sí 20, kó fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ga ju orí rẹ̀ lọ, fún wákàtí 14 lójúmọ́. Níbi tí iná kò ti dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Ẹ máa gbé wọn jáde ní àárọ̀. Tòmátì tó ti ga jù ṣì ṣeé gbà là: nígbà tí ẹ bá ń ṣí i nípò, ẹ bo igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé, yóò ta gbòǹgbò lára igi náà.

Igi ewúro, gbúre àti ẹfinrin

Igi ewúro là ń gún mọ́ ilẹ̀. Ẹ mú èyí tó gbó níwọ̀nba, tó nípọn tó pẹ́ńsùlù sí àtàǹpàkò. Èyí tó rọ̀ yóò jẹrà, èyí tó gbó jù yóò lọ́ra. Ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kó ní oríkèé 4 ó kéré tán. Ẹ gé ìdí rẹ̀ lábẹ́ oríkèé kó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì gé orí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, kí ẹ má baà gún un sódì. Ẹ ká ewé rẹ̀ kúrò, nítorí ewé ń lo omi tí igi kò tíì ní gbòǹgbò láti fà. Oríkèé 2 ni kó wọ inú ilẹ̀, lábẹ́ ibòòji.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, ewé kékeré yóò yọ. Oúnjẹ tó wà lára igi ló fi rú u. Gbòǹgbò lè má tíì sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbé e sí oòrùn lọ́jọ́ yẹn, á sì gbẹ. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ 3, ẹ fà á jẹ́jẹ́: bó bá di ilẹ̀ mú, ó ti ta gbòǹgbò.

Gbúre kò ní wàhálà: ẹ gún un ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti mú. Ẹfinrin a máa ta gbòǹgbò nínú ife omi láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ẹ pa omi rẹ̀ dà ní ọjọ́ méjì-méjì, kó má baà rùn, kí ẹ̀fọn má sì rí ibi pa ọmọ sí.

Gbígbé wọn jáde

Tòmátì a máa tó gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 5; ata, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹni tó bá gbin ata rẹ̀ sínú ọ̀rá ní ìparí oṣù kejì yóò bá òjò oṣù kẹrin pàdé. Ẹ má gbé wọn láti inú yàrá bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán, ewé wọn yóò funfun, yóò sì jó. Wákàtí 1 tàbí 2 ní àárọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ máa fi kún un fún ọjọ́ 7 sí 10. Ẹ ṣí wọn nípò ní ìrọ̀lẹ́: ẹ fi abẹ la ọ̀rá náà, kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ má fọ́. Ata 1 nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, pẹ̀lú ihò tí kò dín ní 5 ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fún un lómi lójú ẹsẹ̀.