Bí mo ṣe ṣírò ìrìn màmá wa láti Kútọnu dé Montréal

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà fẹ́ kí màmá wa wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, èmi tí mo wà pẹ̀lú wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ ni ètò rẹ̀ já lé lọ́wọ́. Orúnkún ń dun màmá, torí náà ohun tó ká mi lára jù ni wákàtí tí wọ́n máa fi jókòó. Kò sí bààlù tó ń lọ tààrà, Paris la gbà pé kí wọ́n gbà.

Ti Paris yá ṣírò. Ẹ tẹ orí pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun ní Kútọnu lórí máàpù fóònù kẹ́ ẹ dì í mú díẹ̀, nọ́ńbà méjì á jáde ní dígíríì, 6.36 àti 2.38: àkọ́kọ́ ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí àríwá, èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn. Ti Charles de Gaulle, pápákọ̀ Paris, jẹ́ 49.01 àti 2.55. Nọ́ńbà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra, àṣé òkè wa gan-an ní àríwá ni Paris wà, ẹ̀yìn Sàhárà àti òkun! Ẹ yọ 6.36 kúrò nínú 49.01, ó ku 42.65, dígíríì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bíi kìlómítà 111, gbogbo ẹ̀ á lọ sí bíi 4,730. Bààlù ńlá ń sá bíi kìlómítà 850 ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá fi ìgbà tó ń gbéra àti ìgbà tó ń balẹ̀ kún un, wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ ni.

Láti Paris dé Montréal, mo fi rúlà inú Google Earth wọ̀n ọ́n, bíi 5,520. Wákàtí méje àbọ̀ ni mo kà fún un, torí atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ bọ̀, ó ń kọjú ìjà sí bààlù tó ń lọ, tí wọ́n bá ń padà bọ̀ ló máa ń tì í lẹ́yìn, ọ̀nà á sì yá.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí dáadáa ni tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹ lè rí i pé bààlù kúrò ní Paris ní 13h, ó dé Montréal ní 14h30, kì í ṣe wákàtí kan àbọ̀ o, Montréal fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn Paris ni. Sí tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, mẹ́fà ni nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ooru, torí Montréal máa ń yí aago nígbà ooru, àwa kì í yí tiwa.

Wọ́n fi ìdúró kúkúrú ní Paris lọ̀ mí, mi ò gbà, Charles de Gaulle tóbi, wọ́n á tún yẹ ẹrù wò, kí màmá máa sáré pẹ̀lú orúnkún yẹn kọ́. Mo mú èyí tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin, mo sì ní kí wọ́n kọ kẹ̀kẹ́ arọ sí i nígbà tí mo ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ro ó pọ̀: ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu pẹ̀lú gósílò, wákàtí méjì, kí wọ́n ti dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, bààlù méjèèjì, ìdúró, pólíìsì àti ẹrù ní Montréal, ó di odidi ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ nínú òfuurufú kò ju wákàtí mẹ́rìnlá lọ. Aago Bẹ̀nẹ̀ ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún màmá, títí kan ìgbà tí wọ́n máa lo oògùn wọn, mo sì ní kí wọ́n má yí aago ọwọ́ wọn títí wọ́n á fi rí ẹ̀gbọ́n mi.