Inú Rírun Tó Ń Pààrọ̀ Ojú: Ìtọ́sọ́nà fún Obìnrin Tó Ní Àpò Omi Nínú Ilé Ẹyin

Ìrora yìí kì í dúró sójú kan. Lánàá, ó wúwo nísàlẹ̀ ikùn bí ẹni pé òkúta ló wà níbẹ̀. Lónìí, ó ń gún yín lápá ọ̀tún bí abẹ́rẹ́. Lọ́la, ẹ lè jí kí ẹ má gbúròó rẹ̀ rárá. Ìdí nìyí táwọn ará ilé fi máa ń rò pé ẹ ń ṣàṣejù. Ẹ kò ṣàṣejù. Bí àpò náà ṣe máa ń ṣe ni.

Lóṣooṣù, àpò kékeré kan máa ń hù nínú ilé ẹyin, ẹyin á wà nínú rẹ̀. Á tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kó tó bẹ́ kí ẹyin jáde. Nígbà mìíràn kò ní bẹ́, omi á sì máa kún un. Nígbà mìíràn ó ti bẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á tún padé, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ á sé mọ́ ọn nínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù 2 sí 3. Nítorí náà, bí dókítà bá wo àwòrán ikùn yín tó ní kí ẹ lọ sinmi kí ẹ padà wá, ẹ má rò pé kò kà yín sí. Àwọn kan wà tí kì í gbẹ o: òmíràn ní ọ̀rá, irun, kódà eyín nínú. Irú ìyẹn lè gba iṣẹ́ abẹ.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ ka ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ 1, kí ẹ wá máa kọ ọ́ báyìí, kí ẹ díwọ̀n ìrora láti 0 dé 10:

Ọjọ́ 9: apá òsì, 3, ó kàn ń wúwo.
Ọjọ́ 14: apá òsì, 6. Ó ta mí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé korobá omi. Ó lọ lẹ́yìn wákàtí kan.
Ọjọ́ 20: kò sí.

Ìlà mẹ́ta yìí wúlò fún dókítà ju “inú ń run mí, ó ti pẹ́” lọ.

Fún ìrora tó ṣeé fara dà, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé ikùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má sùn lé e lórí. Àgbàlagbà lè lo paracetamol 500 mg, hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju hóró 8 lọ ní wákàtí 24. Ẹ yẹ páálí oògùn ọ̀fìnkìn wò, torí paracetamol máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tó lóyún, tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ dédé lo ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn. Ẹ má há ìtọ̀ mọ́ra. Àpòòtọ̀ tó kún máa ń ti ibi tó ń dùn náà. Bí wọ́n bá ní àpò náà tóbi, ẹ fi ẹrù wúwo àti fífò sílẹ̀ ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ikùn yín pé òun fẹ́ bẹ́ ẹ.

Ibi tí eré parí sí rèé. Àpò tó tóbi lè mú kí ilé ẹyin lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀. Ìrora á dé lójijì, lápá kan, èébì á tẹ̀ lé e. Ó lè rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tún dé, ìrọlẹ̀ yẹn ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ilé ẹyin mọ́, wákàtí díẹ̀ ló kù láti gbà á là. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹun lójú ọ̀nà, torí ó lè di iṣẹ́ abẹ. Bákan náà ni bí òòyì, òógùn tútù, dídákú, ibà tàbí ìrora èjìká bá bá a rìn, tàbí bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ kó tó dé: oyún tó dúró síta ilé ọmọ lè fara jọ èyí.

Ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ nǹkan oṣù, tí ikùn rẹ̀ ń wú tàbí tó ń tètè yó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má dúró wò ó.

Ẹ fi ibi tí ìwé kékeré tí ẹ ń kọ ìrora sí wà han ẹnì kan nínú ilé, kó lè mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀.